Ẹsẹ̀ ni àbí ìwé? Àríyànjiyàn lórí ìwọ́de Pride tí ìjọba fòfin dè

Adéoyè K.
Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 2025, èrò wọ́ tìrítìrí jáde ní Budapest fún ìwọ́de Pride, ìyẹn ìwọ́de àwọn gay, lẹ́síbíànù àti àwọn míì tọ́rọ̀ náà kàn. Ọlọ́pàá ti fòfin dè é láti ọjọ́ 19 oṣù yẹn. Òfin tí ilé aṣòfin Hungary ṣe ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta sọ pé ẹni tó bá lọ lè san owó ìtanràn tó tó 200,000 forint, ẹni tó bá sì ṣètò rẹ̀ lè fẹ̀wọ̀n ọdún kan jura. Síbẹ̀, àwọn olùṣètò ní èèyàn tó jáde wà láàárín 100,000 sí 200,000. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti bùṣe: ẹsẹ̀ ló ń borí ìfòfindè. Kí àwọn tó ń sáré kó ìwé lọ sí kóòtù máa sinmi. Ta ló fẹ́ bá mi jiyàn?

Lọ́yà Kékeré
Ẹ̀gbọ́n Adéoyè, èmi rèé. Ẹsẹ̀ lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo aago. Ọ̀pọ̀ ìfòfindè ni kò lè dúró níwájú adájọ́, àwọn tó ń ṣe é sì mọ̀. Àkókò ni wọ́n fi ń pa ìwọ́de.

Ẹ wo Warsaw ní Poland lọ́dún 2005. Ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún làwọn olùṣètò ti kọ̀wé pé àwọn fẹ́ rìn ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà. Wọ́n jókòó lé ìwé náà títí di ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà kí ọ́fíìsì mẹ́yọ̀, Lech Kaczyński, tó fèsì pé rárá, wọn ò fi ètò ìdarí ọkọ̀ sínú ìwé wọn. Ètò ìdarí ọkọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn rí. Lọ́jọ́ yẹn kan náà wọ́n kọ̀wé míì pé ó dáa, àwọn á kàn dúró sójú kan láwọn gbàgede mélòó kan, kò ní sí rírìn. Ọjọ́ 9, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀, ìdáhùn dé: rárá. Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn jù: ọjọ́ 9 yẹn náà ni wọ́n fọwọ́ sí ìpéjọpọ̀ mẹ́fà fáwọn ẹgbẹ́ míì, títí kan àwọn tó ń ta ko gay ní tààrà.

Wọ́n pẹ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n sì jàre. Wọ́n fagi lé ìpinnu kan ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, wọ́n fagi lé èkejì ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ 11 sì ti kọjá tipẹ́. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà. Kókó tí kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù mú jáde nìyẹn ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún 2007, nínú ẹjọ́ Bączkowski, ọ̀kan lára àwọn olùṣètò náà: tí ọjọ́ bá jẹ́ ọkàn ìwọ́de, a jẹ́ pé ìdájọ́ tó dé lẹ́yìn ọjọ́ kò wo ẹnikẹ́ni sàn.

Adéoyè K.
Ìwọ náà lo ń gbè mí lẹ́yìn o. Ṣé wọ́n rìn lọ́jọ́ 11 àbí wọn ò rìn? Wọ́n rìn! Láti nǹkan bí aago méjì ààbọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn, ní ojú ọ̀nà tí wọ́n yàn gan-an, ọlọ́pàá sì ń ṣọ́ wọn. Ìwé tó dé ní oṣù Kẹjọ kò ràn wọ́n lọ́wọ́ kankan.

Lọ́yà Kékeré
Ó ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní 2006, kóòtù tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ Poland fagi lé apá òfin ìrìnnà ojú pópó tí wọ́n fi dè wọ́n. Ẹsẹ̀ ọjọ́ 11 ò lè ṣe ìyẹn. Ẹ má sì gbàgbé pé ẹni tó rìn lọ́jọ́ yẹn rìn láìmọ̀ bóyá òun á sùn nílé. Mélòó ló jókòó sílé nítorí ẹ̀rù yẹn? Kóòtù Yúróòpù mẹ́nu bà á: ìfòfindè ń dáyà já èèyàn kódà tí ìwọ́de bá padà wáyé.

Tèmi Ò Gbà
Ẹ̀yin méjèèjì ẹ rọra. Poland ni ẹ mú torí ó rọ ẹnu yín lọ́rùn. Ẹ mú Moscow.

Lọ́dún 2006 Nikolai Alekseyev àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé, mẹ́yọ̀ Yury Luzhkov kọ̀. Wọ́n lọ sí kóòtù, kóòtù kọ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní rìn mọ́, ká kàn lọ fi òdòdó sí ibojì ọmọ ogun tẹ́nikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kremlin. Wọ́n débẹ̀, géètì ọgbà ti wà ní títì pa. Ní 2007 wọ́n fòfin dè é, ní 2008 bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá 2010, kóòtù Yúróòpù ní Rọ́ṣíà jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́ta: ẹ̀tọ́ àtipéjọ, ẹ̀tọ́ àtirí ojútùú gbà nílé ẹjọ́, àti ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ó ní kí wọ́n san 12,000 yúrò fún ìyà tó jẹ Alekseyev àti 17,510 yúrò fún ìnáwó ẹjọ́. Ẹ kí lọ́yà, iṣẹ́ rẹ̀ pé.

Ṣé wọ́n wá rìn? Ní 2012 Alekseyev kó ìwé ìwọ́de ọdọọdún jọ títí di 2112, kóòtù Moscow sì ti ìjọba lẹ́yìn pé kò sí. Ọgọ́rùn-ún ọdún! Ní 2013 òfin “ìpolongo” láàárín àwọn ọmọdé jáde, ní 2022 wọ́n nà án dé ọ̀dọ̀ gbogbo àgbà, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn Rọ́ṣíà kò sí lábẹ́ àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Yúróòpù mọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2023 kóòtù tó ga jù níbẹ̀ kéde “ẹgbẹ́ LGBT àgbáyé” ní ẹgbẹ́ alákatakítí, ẹgbẹ́ tí kò tilẹ̀ ní ọ́fíìsì tàbí ìwé orúkọ. Ìwé Lọ́yà Kékeré wà nínú àpótí. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n Adéoyè náà ńkọ́? Inú ọkọ̀ ọlọ́pàá.

Lọ́yà Kékeré
Mo gbà pé Rọ́ṣíà burú. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ti wó gan-an, torí ó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Lábẹ́ òfin wọn ti 2004, o ò lè fi ìwé sílẹ̀ ṣáájú kó tó ku ọjọ́ 15, o ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ku dín ní ọjọ́ 10. Ìjọba ní ọjọ́ mẹ́ta láti fèsì. Ẹ ṣírò rẹ̀: kódà tó o bá débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, ọjọ́ 12 péré ló kù fún kóòtù àkọ́kọ́ àti kò-tẹ́-mi-lọ́rùn pa pọ̀, kò sì sí òfin tó fipá mú kóòtù nígbà yẹn láti dájọ́ ṣáájú ọjọ́ ìwọ́de. Ọ̀nà náà ti dí láti orísun. Nínú ẹjọ́ Lashmankin ní 2017, ohun tí kóòtù Yúróòpù bá wọn wí lé lórí nìyẹn.

Ẹ wá fi wé Vilnius, olú ìlú Lithuania, ní 2010. Ìlú ti fọwọ́ sí ìwọ́de, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba tó ń di ipò mú sáré lọ sí kóòtù, kóòtù dá a dúró nígbà tó ku ọjọ́ mélòó kan. Àwọn olùṣètò pẹ̀jọ́ lójú ẹsẹ̀. Kóòtù ìṣàkóso tó ga jù gbọ́ ọ, ó sì tú u sílẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ 8 ni wọ́n rìn. Ìwé kan náà ni, aago ló yàtọ̀.

Tèmi Ò Gbà
Wọ́n rìn níbo? Òpópónà Upės, létí odò, kúrò láàárín ìlú, irin dídè yí wọn ká bí ẹran ọjà. Ṣé ìyẹn náà ni ìwọ́de?

Lọ́yà Kékeré
Mo mọ̀ pé wàá bọ́ síbẹ̀. Ìlànà tí OSCE (àjọ ààbò àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Yúróòpù) àti Ìgbìmọ̀ Venice (àwọn olùdámọ̀ràn lórí òfin ní Yúróòpù) gbé jáde lórí ìpéjọpọ̀ sọ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ wà fún gbọ́dọ̀ lè rí i kó sì lè gbọ́ ọ. Torí náà, títì ìwọ́de sẹ́yìn ìlú, ìfòfindè tó wọ agbádá ni. Ṣùgbọ́n ní 2013 ìlú yẹn tún fẹ́ dá wọn padà sí Upės, wọ́n kọ̀, wọ́n pẹ̀jọ́, wọ́n sì jàre. Òpópónà Gedimino, àárín gbùngbùn ìlú, ni wọ́n gbà ní oṣù Keje. Ọ̀nà etí odò ti 2010 ló di àtẹ̀gùn fún ti 2013.

Olùfẹ́ Ètò
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè, gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bíi pé ìjọba kàn jí lọ́jọ́ kan tó ní òun kórìíra wọn. Ẹ gbé Belgrade, olú ìlú Serbia, yẹ̀ wò. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá 2010: bí ẹgbẹ̀rún kan èèyàn fẹ́ rìn, ọlọ́pàá tó lé ní 5,000 ló jáde láti ṣọ́ wọn. Àwọn jàǹdùkú da ìlú rú, wọ́n dáná sun ilé ẹgbẹ́ òṣèlú, èèyàn tó lé ní 100 fara pa, ọlọ́pàá ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ta ló fẹ́ san owó yẹn lọ́dọọdún? Tí wọ́n bá fòfin dè é ní 2011, 2012 àti 2013 nítorí ààbò, ṣé wọ́n ṣì yẹ ní bíbú? Ìjọba ló ni ẹ̀mí àwọn ọlọ́pàá wọ̀nyẹn lọ́rùn.

Lọ́yà Kékeré
Ẹ̀gbọ́n, ta ló da ìlú rú ní 2010? Àwọn tó wọ́de ni àbí àwọn tó wá lù wọ́n? Tí a bá fi ìwà ipá ẹnì kan gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì, a ti kọ́ jàǹdùkú ní ọgbọ́n: lọ́dún tó ń bọ̀, kó kàn halẹ̀ ni, ìjọba á bá a ṣe ìyókù. Láti 1988 ni kóòtù Yúróòpù ti sọ nínú ẹjọ́ àwọn dókítà kan ní Austria pé ó di dandan fún ìjọba láti dáàbò bo ẹni tó ń péjọ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tú u ká. Àwọn dókítà yẹn gan-an, oyún ṣíṣẹ́ ni wọ́n ń ta kò. Òfin náà ò mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Olùfẹ́ Ètò
Òfin rọrùn lórí bébà. Ilẹ̀ Georgia fọwọ́ sí i ní 2013, ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tbilisi.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí ti Tbilisi yẹn, torí ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe ti pé wọ́n fọwọ́ sí i. Ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún 2013, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, àwọn àlùfáà ìjọ Ọ́tódọ́ksì wà lára wọn, ya lu ọlọ́pàá bíńtín tó wà níbẹ̀, wọ́n sì kọjá. Ìdènà wà ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́pàá tó pọ̀ tó lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́pàá kó àwọn tó wá wọ́de sínú bọ́ọ̀sì láti fi gbé wọn jáde, àgbájọ èèyàn yí bọ́ọ̀sì ká, wọ́n ń ju òkò, wọ́n ń fọ́ fèrèsé. Ẹ rí i? Ìgbà tí wọ́n ń lọ sílé ni. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé wákàtí tó léwu jù ni ìgbà ìtúká, kì í ṣe ìgbà ìrìn. Èrò ti fọ́n, àsíá ṣì wà lọ́wọ́, ọlọ́pàá ti ń ká ìdènà.

Torí náà, kí ìwọ́de tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ti mọ bí ẹ ó ṣe parí rẹ̀. Ó kéré tán, ọ̀nà àbájáde mẹ́ta tí kò jọ lọ sí ibì kan náà. Kí ẹnikẹ́ni má dá lọ. Báàjì, àsíá, ọ̀dà ojú, kí gbogbo rẹ̀ ti wọ báàgì kí ẹ tó dé ibùdókọ̀ ojú irin. Kí ẹni méjì dúró lẹ́yìn pátápátá, iṣẹ́ wọn ni láti rí i pé kò sẹ́ni tó kù. Ẹ má yan òpópónà tó ní ẹnu kan ṣoṣo, torí ọlọ́pàá tó bá dí ẹnu yẹn ti kó gbogbo yín sínú ìgò, ó ti dé e.

Olùfẹ́ Ètò
Ẹ ṣé, àǹtí. Ṣùgbọ́n ẹ ti fi ẹnu ara yín sọ pé ewu wà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Ewu wà, mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọjà òru náà ní ewu, iná là ń tàn sí i. Kóòtù sì ti dá Georgia lẹ́bi lórí ọjọ́ yẹn ní oṣù Kejìlá 2021, nítorí pé ọlọ́pàá mọ̀ ṣáájú, wọn ò sì múra.

Wọlé-Wọ̀de
Ẹ má jẹ́ ká fi Belgrade sílẹ̀ láìsọ òru ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án 2013. Ìrọ̀lẹ́ ni ìfòfindè dé, ìwọ́de ọjọ́ kejì. Kò sí kóòtù kankan tó ṣí ní àkókò yẹn, wọ́n sì mọ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún èèyàn sí igba kó ara wọn jọ níwájú ilé ìjọba, wọ́n rìn dé ilé aṣòfin ní òru. Jàǹdùkú kankan ò bá wọn níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó gbọ́ ṣáájú. Ní ọdún 2014 ìjọba gbà wọ́n láyè. Ní 2022 tí ìwọ́de EuroPride, ìyẹn Pride gbogbo Yúróòpù, bọ́ sí Belgrade, wọ́n tún fòfin dè é, wọ́n tún padà rìn ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án, ojú ọ̀nà kúkurú láti kóòtù òfin ìpìlẹ̀ dé ọgbà Tašmajdan. Ìrìn òru 2013 yẹn ni mo fi ń dá Tèmi Ò Gbà lóhùn: èrò kékeré tó yára lè ṣe ohun tí èrò ńlá tí wọ́n ti ń dúró dè ò lè ṣe.

Tèmi Ò Gbà
Istanbul ti gbìyànjú ìyẹn fún ọdún mélòó? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2003, títí dé 2014 èrò wọn ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá mẹ́wàá, láìsí wàhálà. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 2015, ọjọ́ ìwọ́de gan-an, gómìnà ìlú fòfin dè é, ó ní oṣù Ramadan ni. Omi tí wọ́n fi ọkọ̀ tú, ọta rọ́bà. Láti ìgbà yẹn, ọdọọdún ni. Ẹsẹ̀ ò borí níbẹ̀ o.

Wọlé-Wọ̀de
Kò borí, kò sì kú. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí àwọn ni mo fojú ọ̀gá wò nínú iṣẹ́ yìí.

Ní 2016 tí gómìnà tún fòfin dè é, ọlọ́pàá ní kí wọ́n túká. Wọ́n ní ó dáa, “Dağılıyoruz”, ìyẹn “à ń túká”, wọ́n sì túká lóòótọ́, sínú gbogbo àdúgbò tó yí òpópónà İstiklal ká. Òpópónà yẹn gùn ní nǹkan bíi kìlómítà kan ààbọ̀, ojú ọ̀nà kéékèèké ló yọ lára rẹ̀ bí ẹ̀ka. Èèyàn mẹ́wàá níhìn-ín, márùn-ún lọ́hùn-ún, ẹnì kan ka ìwé ìkéde, ó parí, wọ́n gbéra. Ọlọ́pàá tó múra de èrò kan ṣoṣo ò mọ èyí tí ì bá lé.

Ọlọ́pàá náà kọ́gbọ́n. Wọ́n ń ti ibùdó ọkọ̀ ojú irin Taksim àti Şişhane láti àárọ̀, wọ́n ń fi irin dí gbogbo ẹnu ọ̀nà tó wọ İstiklal, wọ́n ń mú èèyàn kí ìwọ́de tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ní 2022 wọ́n mú èèyàn 373 lọ́jọ́ kan. Kí làwọn olùṣètò wá ṣe? Ní 2023 wọ́n péjọ ní ọgbà Mıstık ní Şişli. Ní 2024 wọ́n kọjá sí apá Éṣíà ìlú náà, Bağdat Caddesi, nígbà tí gbogbo ọlọ́pàá wà ní Taksim tí wọ́n ń ṣọ́ òpópónà tó ṣófo. Wọ́n ka ìkéde wọn, wọ́n rìn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n lọ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, mo tún ń rẹ́rìn-ín báyìí.

Ohun tó ń mú un bàjẹ́ ni ìkéde ibi ìpàdé. Tó o bá tètè kéde, ọlọ́pàá á dé ṣáájú. Tó o bá pẹ́, àwọn tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ò ní bá a. Ọ̀nà tó ṣiṣẹ́ ni pé kí àwùjọ kọ̀ọ̀kan ti wà nítòsí, nínú ilé oúnjẹ, nínú ọgbà, kí ọ̀rọ̀ ibi gan-an tó jáde.

Lọ́yà Kékeré
Kí n fi kún un pé òfin Turkey fúnra rẹ̀, òfin 2911, kò béèrè ìyọ̀ǹda. Ìfitónilétí ló ní kí wọ́n ṣe, wákàtí 48 ṣáájú. Èyí ṣe pàtàkì gan-an. Ìyọ̀ǹda, ìjọba ló ń fúnni. Ìfitónilétí, ìwọ lò ń sọ fún ìjọba kó lè darí ọkọ̀ kó sì wá ṣọ́ ọ. Ní 2019, kóòtù ìṣàkóso Ankara fagi lé ìfòfindè tí gómìnà ibẹ̀ gbé kalẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2017 láìní òpin. Ní oṣù Karùn-ún 2019 kan náà, ọlọ́pàá tú ìwọ́de ká nínú ọgbà yunifásítì METU, wọ́n wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ 18 àti olùkọ́ kan lọ sí kóòtù. Oṣù Kẹwàá 2021 ni wọ́n tó dá gbogbo wọn láre lórí ìwọ́de náà, ọdún méjì àti oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà. Wọ́n jàre, àmọ́ ẹjọ́ fúnra rẹ̀ ni ìyà.

Ọmọ Tuntun Níbí
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹnì kan ò kàn dá dúró pẹ̀lú páálí lọ́wọ́? Mo gbọ́ pé ẹni kan ṣoṣo kò nílò ìwé ìfitónilétí ní Rọ́ṣíà.

Lọ́yà Kékeré
Àbúrò, ìbéèrè rẹ dára. Òótọ́ ni, ẹni kan ṣoṣo ò nílò rẹ̀. Àmọ́ láàárín ẹni kan àti ẹnìkejì, òfin fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti sọ pé ó gbọ́dọ̀ jìnnà, ó lè tó 50 mítà, láti 2012 sì ni kóòtù ti lè pa àwọn tó dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan pọ̀ kó ní ìwọ́de kan ṣoṣo ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tó wà lórí páálí náà di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹjọ́ Bayev tí kóòtù Yúróòpù dá ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà 2017, àwọn tó dá dúró pẹ̀lú páálí ni wọ́n. Owó ìtanràn ni wọ́n bù fún wọn.

Adéoyè K.
Ẹ ti fi Budapest mi sílẹ̀ o.

Wọlé-Wọ̀de
Ẹ̀gbọ́n, Budapest gan-an ló ń pa ọ̀rọ̀ yín. Kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mẹ́yọ̀ Gergely Karácsony kéde pé ìlú Budapest fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ayẹyẹ náà, ètò ìjọba ìbílẹ̀ sì ni, kò sí lábẹ́ òfin ìpéjọpọ̀. Ọlọ́pàá ní irọ́ ni, òfin náà kàn án, wọ́n fòfin dè é. Ṣùgbọ́n iyèméjì ti wọ̀ ọ́. Ní oṣù Keje, ọlọ́pàá kéde pé àwọn ò ní gbé ìgbésẹ̀ lórí àwọn tó lọ, torí ìjiyàn tó wà lórí irú ètò tó jẹ́. Mẹ́yọ̀ ni wọ́n wá pè láti fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ìwé kan ló gbé èèyàn ẹgbẹẹgbẹ̀rún kúrò lórí ìtanràn.

Ẹ sì wo afárá. Wọ́n fẹ́ gba Szabadság híd kọjá, ọlọ́pàá ti fún àwọn ẹgbẹ́ tó ta kò wọ́n láyè sórí rẹ̀. Lójú ọ̀nà ni èrò ti yà sí Erzsébet híd, wọ́n kún un láti etí kan dé èkejì. Àwọn tó darí èrò gbọ́dọ̀ ti ní ọ̀nà kejì lọ́wọ́, torí èèyàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í yí padà ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Tèmi Ò Gbà
Ibi tí mẹ́yọ̀ bá jẹ́ ẹgbẹ́ alátakò tó sì lágbára nìkan nìyẹn. Ní Moscow, mẹ́yọ̀ gan-an ló fòfin dè é. Ní Istanbul, gómìnà tí ìjọba àpapọ̀ yàn ló ń fòfin dè é, kì í ṣe mẹ́yọ̀ tí wọ́n dìbò fún. Ẹ ò lè kó ọgbọ́n Budapest káàkiri bí ẹ̀wù àrà.

Wọlé-Wọ̀de
Mo gbà. Àmọ́ ìbéèrè tó yẹ kí olùṣètò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ nìyẹn: ta ló ní àṣẹ láti fòfin dè é, ta ni kò ní?

Ọmọ Tuntun Níbí
Wọ́n ní òfin Hungary yẹn fún ọlọ́pàá láyè láti lo ẹ̀rọ tó ń dá ojú mọ̀. Ṣé kéèyàn bo ojú ni?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Rọra o. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, bíbo ojú níbi ìwọ́de gan-an ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, o ti fún wọn ní ìdí tí wọ́n á fi mú ọ. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ ni fóònù. Pa ìka ọwọ́ àti ojú tó ń ṣí fóònù, nọ́ńbà gígùn ni kó o lò. Má ya ojú ẹlòmíì kó o sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ yẹn, torí àwòrán rẹ ni ẹ̀rọ ọlọ́pàá á jẹ. Ẹ̀yìn orí àti àsíá tó láti fi hàn pé èrò pọ̀.

Nọ́ńbà lọ́yà, kọ ọ́ sí ara apá pẹ̀lú bírò tí omi kì í fọ̀, torí fóònù ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà. Lọ́yà fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rìn. Tí wọ́n bá mú lọ́yà, ta ni yóò wá gba ẹ? Ẹnì kan jókòó sínú ilé pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀: orúkọ, aago tí wọ́n mú un, àgọ́ ọlọ́pàá wo, aago tí wọ́n dá a sílẹ̀.

Tajútajú: yọ awò inú ojú kúrò kó o tó kúrò nílé. Má fi ọ̀rá tàbí fásílíìnì pa ara, ó ń mú kí ohun tó ń ta ojú lẹ̀ mọ́ ọ. Tó bá bà ọ́, má fọwọ́ ra ojú. Kọ orí sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, da omi mímọ́ sí i láti igun imú sí ìta, kí ó má baà ṣàn wọ ojú kejì. Omi lásán. Mílíìkì táwọn èèyàn ń gbé káàkiri yẹn, ẹ fi sílẹ̀, kò mọ́ tó ohun tí à ń dà sójú.

Olùfẹ́ Ètò
Èmi ò tíì yí padà lórí owó ọlọ́pàá. Àmọ́ mo gba ti aago yẹn. Ìjọba tó mọ̀ pé òun máa kọ̀, kó tètè kọ̀ kí wọ́n rí àyè pẹ̀jọ́. Ìkọ̀sílẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ojo ló ń ṣe é.

Adéoyè K.
Ó dáa. Mo fà sẹ́yìn díẹ̀, díẹ̀ ni mo wí. Lọ́yà Kékeré, ká ní mo fẹ́ ṣe ti ìwé yìí bó ṣe yẹ, kí ni mo máa ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Lọ́yà Kékeré
Lọ láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí òfin gbà ọ́ láyè, má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Gbé ẹ̀dà méjì dání. Kọ ojú ọ̀nà mẹ́ta sínú ìwé kan náà, kí wọ́n má baà sọ pé àfidípò kankan ò sí. Rántí Warsaw, béèrè lọ́jọ́ yẹn bóyá ìwé kan ṣì kù, kí ìdáhùn rẹ̀ sì wà ní kíkọ. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ tó ní ọjọ́ àti aago mọ́ ẹ̀dà tìrẹ. Tí wọ́n bá fi fóònù pè ọ́ pé wọn ò gbà, sọ pé o ń dúró de lẹ́tà, torí ìpè ò ṣe é pẹ̀jọ́ lé lórí. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà bá dé ni ẹjọ́ gbọ́dọ̀ wọlé, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ máa bẹ kóòtù pé kó dájọ́ ṣáájú ọjọ́ ìwọ́de.

Adéoyè K.
Tí akọ̀wé bá kọ̀ láti lu òǹtẹ̀ ńkọ́?

Lọ́yà Kékeré
Fi ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn kan náà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ sí kí wọ́n tó gbà. Fi ẹ̀dà rẹ̀ ṣọwọ́ sí wọn lórí íméèlì. Kí ẹni tó bá ọ lọ sì kọ orúkọ akọ̀wé náà àti aago tó kọ̀ sórí bébà, kó fọwọ́ sí i, kí ẹ tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yẹn.